Bí Wọ́n Bá Fi Owó Ta Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Lọ́rẹ, Kí Ni Kí A Fi Í Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ní ariwo nínú, kò sì jọ ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ owó ni: owó tí àwọn àjọ onítọrẹ máa ń mú wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti fi ṣe àfikún sí iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ń ṣe. Ẹ ti mọ irú rẹ̀. Àpótí ìwé kíkà ni, tàbí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ tí kò tí ì mọ ìwé í kà, tàbí ohun èlò sáyẹ́ǹsì, tàbí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tàbí orin àti eré. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí a gba gbogbo rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kì í bi alásè léèrè irú igi tí ó fi dáná. Àwọn mìíràn sì ń sọ pé kí a kọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé òyìnbó kì í fúnni lówó lásán. Àwa kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì yìí, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí a sọ ọ́ nísinsìnyí kì í ṣe ohun kékeré. Láti ọjọ́ 3 títí di ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí ṣe ìpàdé rẹ̀ ní Akúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí a pa ìlànà èdè ti ọdún 2022 rẹ́, ìlànà tí ó sọ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde rẹ̀ ní Àbújá níbi àpérò tí British Council pè, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn wo ibi tí wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń pinnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá jáde láti inú gbọ̀ngàn ìpàdé ní Akúrẹ́ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Ọba, Yorùbá ni yóò fi ná an.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, owó ìtọrẹ àti èdè ìkọ́ni, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú tiwa. Àjọ tí ó bá fẹ́ ran ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́wọ́ máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí ìjọba wí. Bí ìjọba bá ti wí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni yóò wà nínú àpótí tí wọn yóò gbé wá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yóò jẹ́, àfi bí àwa tí a bí àwọn ọmọ náà bá la ẹnu wa. Ìkéde Àbújá kan èdè tí olùkọ́ yóò fi máa kọ́ni ní kíláàsì. Kò sọ pé kí ọmọ má ka ìwé Yorùbá lẹ́yìn tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ bá ti lù, kò sì sọ pé kí a má kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Àyè tí ó kù fún wa nìyẹn, iṣẹ́ àfikún gan-an sì ni ó wà ní àyè náà.

Kí a tó lọ jìnnà, a ní láti dá Mínísítà náà lóhùn, nítorí pé ó mú ìdí wá, kò sì yẹ kí a fi ìbínú bo ìdí mọ́lẹ̀. Ó ní ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ni jù, àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Àgbẹ̀ ni a bá ń sọ̀rọ̀, àgbẹ̀ sì mọ bí a ti í ka ọdún. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 2022 tí wọ́n gbé ìlànà náà jáde, kíláàsì kẹrin ni yóò wà ní ọdún 2025. Kò tí ì jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé ó jókòó ṣe WAEC. Àwọn tí wọ́n ṣe WAEC ní ọdún 2025 ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìlànà 2022. Bí wọ́n bá sì ní ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 ni àwọn ń bá wí, èyí tí ó sọ pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, kí a sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, a ó bi wọ́n pé: ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni wọ́n fún ní ìwé àti olùkọ́ tí a fi lè ṣe é? A kì í dá ẹjọ́ ikú fún ìlànà tí a kò fún ní àyè láti wà láàyè.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ Ifẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni owó ìtọrẹ àti èdè wa ti pàdé ní gbangba. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kò gbọ́ ọ rí.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, oṣù náà gan-an tí ogun abẹ́lé parí, Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí a mọ̀ sí Ètò Ọlọ́dún-Mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Àwa ará Ore mọ ohun tí ogun náà jẹ́. Ní ọdún 1967 àwọn ọmọ-ogun Biafra wọ ilẹ̀ wa, oríta wa yìí sì ni a ti dá wọn padà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí jókòó, tí wọ́n ń ronú bí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ti mọ ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà; Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan wà nínú àwọn tí wọ́n bá a ṣe é. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìdílé Ford tí ó ń ṣe mọ́tò ni ó dá àjọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1936. Bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti fi lọ́rì Ford kó kòkó rí, ó ṣeé ṣe kí kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀ ti gba ojú òkun padà wá sí Modákẹ́kẹ́.

Bí wọ́n ti ṣe é nìyí. Ní àkókò náà, àṣà gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a sì yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Àwọn ará Ifẹ̀ mú ọmọ tí a ó fi Yorùbá kọ́ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí a kọ́ gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì síta. Wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú fún un, dípò kí olùkọ́ kíláàsì tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò dá ṣáká máa fi ẹnu họ ọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá fún àwọn ọmọ àti fún àwọn olùkọ́. Wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti ń dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni owó Ford bá wọn ṣe jùlọ, nítorí pé ìwé kíkọ, ìwé títẹ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán ṣe.

Ìdánwò dé. Àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú Yorùbá àti nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù pé wọn yóò kùnà, wọn kò kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọmọ kò ní yà lẹ́nu. Ọmọ tí a ní kí ó kọ́ ohun tuntun ní èdè tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, a di ẹrù méjì lé orí kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti mọ ohun tí àròpọ̀ àti àyọkúrò jẹ́ ní èdè ìyá rẹ̀, orúkọ lásán ni ó kù tí yóò kọ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá dé. Ohun tí UNESCO ti wí ní ọdún 1953 náà nìyẹn, nínú ìwé tí àjọ náà ṣe lórí lílo èdè ìbílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Òyìnbó wí i. Ifẹ̀ fi ọmọ Yorùbá dán an wò.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? A ròyìn iṣẹ́ náà láti ọdún 1970 dé 1978. A kọ ọ́ sínú ìwé, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1989 láti ọwọ́ Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1990 sí 1992, ó sì ja ìjà náà níbẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ètò náà kò di ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó àlejò ní ọjọ́ tí ó ń padà sílé. Nígbà tí ti Ford padà, kò sí ìjọba kan, ti ológun tàbí ti alágbádá, tí ó gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n tí a fi lè tẹ àwọn ìwé náà fún gbogbo ọmọ kí a sì kọ́ gbogbo olùkọ́ ní bí a ti í lò wọ́n. Àwọn kan wà tí ń di ẹ̀bi ru àwọn àjọ òkèèrè pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò parí rẹ̀. Àwa kò rí ẹ̀bi Ford níbẹ̀. Àlejò ran wa lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó dára fún ọmọ wa. Onílé ni ó mọ̀ tán tí kò ṣe é.

A sì ní ẹ̀rí pé onílé lè ṣe é bí ó bá fẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ tí ó gbé ètò náà síwájú ilé aṣòfin ní ọdún 1952. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin ará Ọ̀wọ̀, ẹni tiwa níhìn-ín tí ó wá di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979, wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ èrò náà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432 ní ọdún 1955. Ta ni ó san owó rẹ̀? Kì í ṣe àjọ onítọrẹ kankan láti òkè òkun. Owó orí ni, àti èrè kòkó tí ó ń gba ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Ọjà kọjá. Àgbẹ̀ ni ó san án. Àwọn kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà kùn nítorí owó orí ẹ̀kọ́, wọ́n kùn gidigidi, àwọn alátakò sì fi ìkùnsínú náà jẹ ìbò. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn wọ kíláàsì.

A fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ wa gbọ́ ìtàn kan sí i, ìtàn àwọn àgbẹ̀ bíi tiwọn, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìgbà tí òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ọmọ wa níbẹ̀ kò sàn ju ahéré lọ. Booker T. Washington, olórí ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee, tọ Julius Rosenwald lọ, olówó kan tí ń ṣòwò ní Chicago. Láti nǹkan bí ọdún 1912 títí di 1932, ilé-ẹ̀kọ́ tí iye rẹ̀ súnmọ́ 5,000 dìde ní ìpínlẹ̀ 15. Àṣírí rẹ̀ ni pé Rosenwald kò dá ilé kankan kọ́. Ó ní bí àwọn ará abúlé kò bá mú tiwọn wá, tí ìjọba ibẹ̀ kò sì mú tirẹ̀ wá, òun kò ní yọ owó òun. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ilẹ̀ tiwọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ya igun oko òwú kan sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó bá jáde níbẹ̀, ti ilé-ẹ̀kọ́ ni. Àwọn tí kò ní owó mú igi wá, wọ́n mú ọwọ́ wá. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀, ohun tí àwọn aláìní wọ̀nyí dá ju ohun tí owó Rosenwald san lọ díẹ̀, owó orí ìjọba sì ju ti àwọn méjèèjì lọ. Ìyanjẹ wà nínú rẹ̀, a kò ní fi pamọ́: àwọn ènìyàn náà ti san owó orí bíi ti funfun, a tún ní kí wọ́n san lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó rí ohun tí funfun rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé òwú wọn wà nínú bíríkì ilé náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn pé ilé àlejò ni.

Ní Amẹ́ríkà ti òde òní pẹ̀lú, àwọn ìlú púpọ̀ ní àjọ tiwọn tí ó ń kó owó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní àdúgbò wọn, láti fi san owó olùkọ́ orin, láti fi ra ìwé àti ohun èlò sáyẹ́ǹsì tí owó ìjọba kò ká. Ó dára, ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a ti rí kí a tó máa fara wé wọn. Àdúgbò tí àwọn òbí ti lówó ni ó máa ń kó owó jọ jù. Bí a bá fi irú rẹ̀ lélẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo láìronú, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní ẹ̀bá títì ní Ore, níbi tí oníṣòwò àti onílé epo ti ń rí i, yóò gba àpótí ìwé mẹ́ta, èyí tí ó wà nínú igbó lẹ́yìn Onisere kò ní gba ọ̀kan. Nítorí náà, ohun yòówù kí àwọn òbí dá, àpò kan ni kí ó wọ̀ fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì pín in láti oko wá sí ìlú.

Owó tí ó tóbi jùlọ kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ àjọ onítọrẹ. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé sí àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, èyí tí àjọ UBEC ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀. Òun náà ní àdéhùn bíi ti Rosenwald: ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, léraléra ni a ti ń gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan jẹ́ kí owó wọn jókòó sí Àbújá nítorí pé wọn kò mú ti ọwọ́ wọn wá. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹgbẹ́ yòówù kí ó wà nínú ìjọba náà, kò le rárá. Kí wọ́n máa kéde ní gbogbo ọdún, ní Yorùbá, lórí rédíò, iye tí wọ́n gbé kalẹ̀, iye tí wọ́n gbà, àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ̀ ọ́. Bí àgbẹ̀ bá lè mọ iye tí kòkó ń lọ ní òwúrọ̀ yìí, ó lè mọ iye tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn alátakò wa ní Ore yóò sọ. Wọn yóò ní oríta ni Ore, Ìgbò ń bẹ níbẹ̀, Ùròbò ń bẹ níbẹ̀, Ìjọ̀, Haúsá, Ìgbìrà àti Tífì ń bẹ níbẹ̀. Èdè ìyá ta ni ẹ fẹ́ fi kọ́ni? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Àní láàárín àwa pẹ̀lú, Ìkálẹ̀ kì í sọ ọ́ bí Oǹdó, Oǹdó kì í sì í sọ ọ́ bí ìwé ti í kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí abúlé kòkó ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ìgbìrà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe oko ìdákọ́ níbẹ̀, Yorùbá ni ó fi ń pe bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú eré náà àfi "gó-òlù". Ní ibi tí ó bá sì jẹ́ pé àwọn tí èdè wọn kì í ṣe Yorùbá ni ó pọ̀ jù, a ó fara mọ́ ọn pé kí owó ìtọrẹ wá ẹni tí yóò bá àwọn ọmọ wọn ka ìwé ní èdè tiwọn. Ohun tí a ń bèèrè fún ọmọ wa, kì í ṣe ohun tí a ó fi du ọmọ àlejò tí ó ń bá wa ro oko.

Nítorí náà, bí àjọ kan bá kan ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́la, kí àwọn òbí gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kí wọ́n sì fi àga fún wọn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n béèrè. Nínú àpótí ìwé tí ẹ gbé wá, mélòó ni ó wà ní Yorùbá? Bí kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìdajì owó náà ra ti Yorùbá. Àwọn òǹkọ̀wé wa kò tí ì kú tán, àwọn tí ń tẹ̀wé sì wà ní Ìbàdàn. Ta ni yóò máa kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́? Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ọmọ ìlú tí ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí kò rí iṣẹ́, kí ó má jẹ́ ẹni tí yóò ti Èkó wá ní ọjọ́ Tuesday tí yóò sì padà ní ọjọ́ Wednesday. Kí wọ́n wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, nítorí pé a kò sọ pé kí ọmọ wa má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; a fẹ́ kí ó gbọ́ ọ ju bí ó ti ń gbọ́ ọ lọ nísinsìnyí. Ọdún mélòó ni owó yín yóò fi wà? Ta ni ó fọwọ́ sí i pé òun yóò gba iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ? Bí ìbéèrè ìkẹyìn yìí kò bá ní ìdáhùn, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò kankan.

Ìdáhùn sí i kò gbọdọ̀ wá láti ẹnu ìjọba nìkan. Ní ọdún 2024, owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí ojú kò rí rí. Ó ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, gbogbo wa ni ó sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó gòkè yẹn, a rí ọ̀kadà tuntun ní abúlé, a rí páànù tuntun, a rí òkú tí a tún sin lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú gbẹ̀du. Àpótí ìwé mélòó ni a rí? A kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbádùn. Ohun tí a ń sọ ni pé igun oko kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi kòkó ogún péré ni ó wà níbẹ̀, lè jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa ro ó, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ máa ta á, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo ènìyàn. Kò ní kọ́ ilé. Yóò tó láti san owó olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ kan àti láti ra ìwé Yorùbá díẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí àjọ onítọrẹ bá sì dé, wọn yóò bá iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

A ń fẹ́ kí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka wa gbogbo ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kọ ìwé ránṣẹ́ sí wa kí ìkórè ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Kí wọ́n sọ fún wa iye ìwé Yorùbá tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè wọn, bí àjọ kan bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, àti orúkọ abúlé tí ó ti ya igun oko sọ́tọ̀. A ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, abúlé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan àwọn tí kò fèsì.